Ọ̀bẹ Àpò Mi Dé Mushin

Aago márùn-ún kò tíì lù tí mo fi kúrò nílé ní Iléṣà. Èmi télọ̀, mo ń lọ ra òwú ní Mushin, nítorí òwú tí wọ́n ń tà fún wa nílé, bí a bá fi rán aṣọ lónìí, ó di dandan kó já lọ́la. Náírà méjìlá ni owó ọkọ̀ nígbà náà. Mo ki ọ̀bẹ àpò mi sínú pọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ ọ̀bẹ náà. Kékeré ni, igi ni èèkù rẹ̀, ó sì ń ká bọ inú èèkù. Òun ni mo fi bó ọsàn nígbà tí ọkọ̀ dúró n'Ìbàdàn, mẹ́wàá ní náírà kan, tí gbogbo ìlà ìjókòó mi sì yá a lò. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin obìnrin ò lè rìn láìmú ohun mímú dání." Mo ní kó dá ọsàn mi padà.

Ojú ọ̀nà Mushin burú ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ: kòtò lọ́tùn-ún, mẹkáníìkì lósì. Nílé tiwa, bí a bá kí ènìyàn, a ó dúró gbọ́ èsì. Níbẹ̀, wọ́n á ti kọjá kí ẹ tó dáhùn.

Mo rí Ìyá Olówùú, àgbàlagbà Ìjẹ̀bú tí àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ mi júwe fún mi. Mo fa òwú rẹ̀ díẹ̀, mo ṣí ọ̀bẹ, mo gé e wò. Ìgbà yẹn gan-an ni obìnrin kan lẹ́yìn mi figbe ta pé wọ́n ti la báàgì òun, owó ti lọ. Gbogbo ojú bọ́ sí ọwọ́ mi.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta bàtà na ọwọ́ sí mi. "Màdáámù, ẹ gbé nǹkan yẹn wá jàre."

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé tiwa, a kì í fi ọ̀bẹ lé ara wa lọ́wọ́, kí ìjà má baà wọ àárín ẹni. A ó gbé e sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ ẹ á mú un. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé e síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ò rí i? Ó ti jù ú nù! Olè ni," ọ̀dọ́kùnrin náà pariwo.

Níbẹ̀, bí wọ́n bá ti pe ènìyàn lólè, wọn kì í dúró de ọlọ́pàá. Wọ́n ti ń fa ọrùn bùbá mi nígbà tí Ìyá Olówùú dìde.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ìwọ oníbàtà yìí, Èkó ni wọ́n bí ọ sí, o ò lè mọ̀. Ṣé olè máa ń gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ mú un? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn. Bíléèdì ni wọ́n sì fi ń la báàgì." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ tirẹ̀, ó gbé e sórí àtẹ. "Ó yá, ẹ mú èmi náà."

Obìnrin tó ń ta bọ́tìnì gbé tirẹ̀ tì í. Aláǹkárá yọ tirẹ̀ nínú pọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Kódà, ẹni tí wọ́n la báàgì rẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ọ̀bẹ nìkan ni olè fi sílẹ̀ fún un. Ó ń sunkún, ó sì gbé e lé wọn. Mẹ́sàn-án ni mo rí lórí àtẹ náà. Orí mi wú, ojú mi sì kún fún omijé.

Ọ̀dọ́kùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí." Mo ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n n kò rẹ́rìn-ín.

Mo mú ọ̀bẹ mi nílẹ̀, mo ra òwú mi. Ọ̀dọ̀ Ìyá Olówùú ni mo sùn, mo sì padà dé Iléṣà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ mi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, màá sì tètè kì í padà sápò. Ìyẹn ti tán. Bí ẹ bá bi mí ìdí tí mo fi ń mú un rìn, ohun tí màá sọ ni pé obìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni mí.