Ọkọ̀ Tó Ń Mí Bí Ẹ̀gbọ́n

Elétí Ehoro ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, nítorí pé etí ló fi ń wo ọkọ̀. Á gbé ẹnu sikurudíráfà gígùn kan lé ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ ti etí, á sì dijú. Ohun tó bá gbọ́ níbẹ̀ ni yóò tún ṣe. Iṣẹ́ náà kò bà á lẹ́rù rí, àfi ìgbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ olóògbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá síwájú rẹ̀.

Píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ́ẹ̀lì ni, ó ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà á wá láti ẹ̀yìnkùlé, nítorí ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Òun ló fẹ́ máa fi kó búlọ́ọ̀kù báyìí, kí ilé lè jẹun. Orí òkè ni wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ọ̀hún, ọ̀nà tó sì sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé.

"Bàbá Kékeré, gíà kẹta ń yọ," ló wí. "Mi ò fọwọ́ kàn án o. Á kàn rọra padà sí fíríì, bí ẹni pé ẹni tó jókòó tì mí ló yọ ọ́. Sílò rẹ̀ náà ò dúró. Bí mo bá ti páàkì tí mi ò tẹ iná, ìró ẹ́ńjìnnì á máa lọ sókè, á máa wálẹ̀. Nígbà mìíràn á kú."

"Kí ẹ́ńjìnnì kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn? Bíréèkì á le bí òkúta. Àbí o ti hu ìyẹ́ tí a ò mọ̀ ni?"

"Ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá bá yín. Ọ̀la ni ẹrù àkọ́kọ́."

Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀. Níbi tí ọ̀pá gíà ti so kọ́ra, ó bá rọ́bà búlúù kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé roboto. Àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì ni. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ọwọ́ tó gé e: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ra ohun tó bá lè fi sílípáàsì ṣe. Rọ́bà náà ti jẹ tán, ìdí nìyẹn tí gíà fi ń yọ. Ó fi bọ́ọ̀ṣì gidi rọ́pò rẹ̀.

Ó wá ku sílò. Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó gbé sikurudíráfà lé e, ó dijú.

Ẹ́ńjìnnì náà fa èémí. Ó dúró díẹ̀. Ó tú u jáde pẹ̀lú ìró tín-ín-rín bí ìgbà tí èèyàn ń súfèé. Ó tún fà á.

Orí mẹkáníìkì wú. Ikọ́ fée ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó sì ṣe ń mí lórí ibùsùn gẹ́lẹ́ nìyẹn.

"Afẹ́fẹ́ ló ń wọnú dísẹ́ẹ̀lì," ó sọ ọ́ sókè, kí etí ara rẹ̀ lè gbọ́. Òótọ́ sì ni: kílíìpù tó di rọ́bà dísẹ́ẹ̀lì mú ti dẹ̀. Ó dè é le. Ọkọ̀ fara balẹ̀. Ó lọ jẹun, ó padà dé, ó tún ṣáná sí i. Ọkọ̀ tún ń mí.

Kílíìpù ti tú. Ó tún dè é. Ó lọ fọwọ́ nínú ilé, ó dé, ó ti tún tú. Kílíìpù kì í sì í tú ara rẹ̀.

Nígbà tó dè é tán lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pa ọkọ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ méjì fi dé síwájú ojú rẹ̀. Sílípáàsì búlúù wà ní ọ̀kan, aláwọ̀ ilẹ̀ ní èkejì. Ó rí búlúù yẹn, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ló dé. Ó gbọ́ tí irin ń ha irin lókè orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó ni sílípáàsì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé.

"Ìyàwó wa?"

Ọ̀bẹ ìdáná já bọ́ sílẹ̀. "Háà! Ọkọ mi, ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Mẹkáníìkì wọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀. Opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró níbẹ̀, epo dúdú ní ìka.

"Ta ló kọ́ ọ ní kílíìpù?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára mọ́, èmi ni mò ń bá a dè é." Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń kan iwájú orí aláìsàn. "Gbogbo ibi tó kù ló ti dákẹ́. Ibí yìí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá ti dè é, ńṣe lẹ ń fún un lọ́rùn."

"Bí mi ò bá dè é, ọmọ rẹ̀ ló máa fún lọ́rùn lórí òkè yẹn."

Obìnrin náà nu epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mẹkáníìkì ṣáná sí ọkọ̀, ó sì fi sikurudíráfà lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà fi ti etí, ó dijú. Ọkọ̀ mí, ó mí, ó mí. Lẹ́yìn náà ló yí sikurudíráfà náà padà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ de kílíìpù pinpin. Ìró náà wá ń lọ geere, bíi ti ọkọ̀ ẹlòmíràn. Kò jọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà já búlọ́ọ̀kù tán, ó ń fun fèrè ọkọ̀ bọ̀ wálé. "Bàbá Kékeré, kò yọ o! Kò sì kú!"

Mẹkáníìkì sáré wọlé lọ sọ fún ìyá ọmọ náà. Orí àga ló bá a, oorun ti gbé e lọ, sílípáàsì búlúù ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì ò tíì la ẹnu tó fi gbọ́ ìró náà.

Obìnrin náà fa èémí. Ó dúró díẹ̀. Ó tú u jáde pẹ̀lú ìró tín-ín-rín bí ìgbà tí èèyàn ń súfèé.

Kò ní ikọ́ fée rí láyé rẹ̀. Mẹkáníìkì dúró lẹ́nu ọ̀nà, sikurudíráfà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e lé.