Ìdáhùn tí mo fún ọmọbìnrin oníbéèrè

Inú ṣì ń bí mi sí ọmọbìnrin tó gbé ìbéèrè wá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Èmi àti ọkùnrin kan tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ là ń tẹ́ táìlì nílé ìyáàfin kan, nínú estéètì kan ní Lẹ́kí. Láti Lakowe la ti ń wá. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀ṣọ́ géètì á tú àpò wa, á tún gbọn bàtà wa, bíi pé èèyàn lè jí táìlì gbé sínú bàtà.

Ìyáàfin fẹ́ rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lórí tábìlì. Bó bá fi í sílẹ̀ fún wa, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Bí kò bá fi í sílẹ̀, ilé wa la máa jókòó sí títí á fi dé. Ó ní òun ṣì ń rò ó.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọbìnrin náà fi wọlé, fóònù lọ́wọ́, ó ní àwọn ń wádìí èrò ará àdúgbò.

"Ṣé ẹ lè fọkàn tán àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, mà?"

"Àwọn wọ̀nyí kẹ̀? Olè ni gbogbo wọn, jàre!" Omi tútù tó fún mi ò tíì tán lọ́wọ́ mi. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

Ó yẹ kí n sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ni mo ń wò. Mo rẹ́rìn-ín òmùgọ̀ kan. "Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ọ̀pọ̀ wọn ò ṣeé fi ilé sílẹ̀ fún. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ló yàtọ̀."

"Ohun tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ń sọ fún mi látàárọ̀ nìyẹn," ni ọmọbìnrin náà wí. Kò síbi tí wọ́n ń kọ "èmi yàtọ̀" sí nínú fóònù rẹ̀. "Rárá" ló tẹ̀.

Èkejì mi wà lórí ìkúnlẹ̀, sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Nígbà tó kàn án, kò wojú mi.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àǹtí. Àìmọye ilé lèmi àti ọ̀gá yìí ti ṣiṣẹ́. Ìṣó kan ò sọnù rí níbi tí wọ́n bá wà. Ẹ lè fọkàn tán wọn dáadáa."

Ìyáàfin bú sẹ́rìn-ín. "Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ọ̀gá ẹ tó mọ̀ yín ti sọ̀rọ̀." Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo bọ́ bàtà fún ẹ̀ṣọ́ kó tó bèèrè. Èkejì mi ti wọ kẹ̀kẹ́. Ó sún kí n lè ráyè jókòó, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.