Ta Ló Ń Bá Mi Kó Yanrìn Lódò Ògùn?

Ẹ gbé Kùránì síwájú mi, màá búra lé e.

Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí tíṣà tó lè kọ́ mi ní Odò Ògùn. Apá Ṣakí ló ti ń bọ̀, ó kó Ọ̀yán mọ́ra, ó la Abẹ́òkúta kọjá, ó gba Ìṣẹ́rì lọ bọ́ sínú ọ̀sà l'Ékòó. Omi tẹ́ ẹ̀ ń mu, yanrìn tẹ́ ẹ fi kọ́lé l'Ókè-Ìlèwó, inú ẹ̀ ni. Nínú àwa tá à ń wa yanrìn náà, èmi lọ̀gá.

Ẹnì kan á mú garawa tá a so okùn mọ́ rì lọ sísàlẹ̀, èkejì á dúró nínú ọkọ̀. Tí garawa bá kún, tìsàlẹ̀ á fa okùn, tòkè á gbé e. Òfin kan ló wà: bó o bá ń jáde, mú garawa ẹ jáde, kó o dojú ẹ̀ dé. Mo máa ń fi òfin yẹn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán gangan ni. Múfú, ẹnìkejì mi, wà nísàlẹ̀. Mo kẹ̀yìn, mò ń gbọ́n omi inú ọkọ̀. Wọ́n fa okùn. Mo gbé garawa, mo dà á, mo jù ú padà. Ìkejì. Ìkẹta. Ìkẹrin. Mo ní èémí Múfú mà gùn o, èmi ni mo sáà kọ́ ọ.

Ní ìkarùn-ún, mo wo inú garawa. Ẹ gbà mí gbọ́, yanrìn tiwa máa ń ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Eléyìí kúnná bí èlùbọ́, ìkarahun òkun kún inú ẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá. Múfú ló dúró létí odò, ara ẹ̀ ti gbẹ. Ó ní inú ń run òun, òun ti wọgbó lọ tipẹ́, òun gbàgbé garawa sísàlẹ̀.

"Ta lẹ wá ń bá ṣiṣẹ́?"

Wọ́n fa okùn lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Múfú máa ń fà á. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Sùnmọ́nù, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kí Múfú tó dé. Ọdún tí odò kún lomi gbé e lọ, a ò rí òkú ẹ̀. Ẹnu èmi yìí ni mo fi ṣèlérí fún ìyá ẹ̀ ní Aké pé kò sóhun tí odò yìí gbé tí mi ò ní wá jáde. Títí dòní, ìyá náà ò jẹ́ ká ṣàdúrà òkú.

Wọ́n tún fà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wúwo bí èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e," Múfú sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Èmi tí mò ń pera mi lọ́kùnrin, mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé okùn.

Mi ò gba Aké mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ṣe ló fẹ́ bá mi wálé, àbí èmi ló fẹ́ mú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa yanrìn, ẹ má fi garawa sílẹ̀ nísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì gbàgbé ẹ̀, okùn yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án.