Ìkíni Tí Àpótí Ò Mọ̀

Ọlágòkè ọmọ Ìjẹ̀ṣà lẹ́kọ̀ọ́ ilé jù. Kò lè rí àgbà láàárọ̀ kó má kí i. Bí òjò ń rọ̀, inú òjò náà ni yóò ti dọ̀bálẹ̀. Julianah ìyàwó rẹ̀ a máa ní, "Bàbá Phebe, ìkíni yìí ni yóò pa yín lọ́jọ́ kan." Ẹ̀fẹ̀ lásán ni wọ́n pè é. Ta ló mọ̀ pé ẹlòmíì ni ìkíni náà fẹ́ẹ́ pa?

Táńkì omi tó wà lórí òkè lẹ́yìn Iléṣà ló ń ṣọ́. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, létí odò lọ́nà Òṣogbo, ni ilé pọ́ǹpù wà. Béjidé ló wà níbẹ̀, ará Ìdó-Ọ̀ṣun, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Wáyà kan ló so wọ́n pọ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀ nínú táńkì, Ọlágòkè á tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, agogo á dún létí odò, Béjidé á ṣí pọ́ǹpù. Bí táńkì bá kún, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Béjidé á pa á. Béjidé náà á wá tẹ tirẹ̀ padà, pé òun ti gbọ́.

Ìkíni wá ńkọ́? Béjidé ju Ọlágòkè lọ dáadáa. Kí àbúrò jí, kó máa pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n láìkí i? Èèwọ̀! Nítorí náà, láàárọ̀ kùtù, Ọlágòkè á kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ káàárọ̀ nìyẹn. Èyí tó bá tẹ̀ lé e ló ń jẹ́ àṣẹ. Ìdáhùn Béjidé máa ń pẹ́, torí lásìkò náà, àyà ló máa ń fi lélẹ̀, tí á ti apá bọ ẹnu pọ́ǹpù, tí á máa kó ewé tí odò gbé wá.

Lọ́dún 1972, Ẹnjiníà Olúmúyìwá gbé àpótí kan dé. Ó ní àpótí náà ni yóò máa gbọ́ agogo, òun náà ni yóò máa ṣí pọ́ǹpù tí yóò máa pa á, láìsí ọwọ́ ènìyàn. Ó pe àwọn méjèèjì jókòó.

"Kí lẹ máa ń bá ara yín sọ lórí wáyà yìí? Ẹ má fi ẹyọ kan pamọ́ o. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún mi nìkan ni àpótí yìí yóò máa gbọ́."

Ọlágòkè dáhùn kíá. "Ẹ̀ẹ̀kan, ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mejì, pa á. Ó tán."

Ó tán kẹ̀! Ṣùgbọ́n ta ní ń ka ìkíni mọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́? Ojú tiẹ̀ ń tì í láti sọ ọ́ níwájú ẹnjiníà. Béjidé náà ò sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n so àpótí mọ́ pọ́ǹpù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ọlágòkè gun òkè, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan. Wéré ni agogo dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n tètè jí lónìí."

Ló bá gbọ́ tí páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí omi ń gun òkè bọ̀.

"Yéè! Mo gbé!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ó sáré tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Páìpù dákẹ́, agogo sì dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, wéré, bíi ti àkọ́kọ́. Ta ló dáhùn? Béjidé ni àbí àpótí? Ohùn kan náà ni. Ó fẹ́ béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà láàyè?" ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ yẹn lórí wáyà. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, pọ́ǹpù á tún yí, bóyá lórí apá tó há sí i. Ó já ọwọ́ gbà kúrò lára bọ́tìnnì bí ẹni tí iná jó.

Bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀, kò mọ̀. "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n pààyàn." Làbákẹ́ ìyàwó Béjidé ló ń rò. Kí ni yóò sọ fún un? Pé òun kí ọkọ rẹ̀ ni, ló bá kú?

Ilẹ̀kùn ilé pọ́ǹpù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ní ẹnu pọ́ǹpù, ó rí apá ṣẹ́ẹ̀tì kakí rélùwéè Béjidé, ó ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó lọ́ mọ́ irin. Ó ṣubú lulẹ̀.

"Ọmọ Ọwá, o ò ní kí mi ni?"

Béjidé ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì pé, kùkùté igi kan ló dì mú.

"Ọwọ́ mi ti fẹ́ẹ́ wọ ibẹ̀," ló wí. "Ni mo rántí pé o ò tíì kí mi, àpótí yìí ò sì mọ ìkíni. Mo so ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù mi mọ́ igi, mo ń fi igi náà kó ewé dípò apá mi. Àfi gbàù!"

Ọlágòkè la ẹnu láti ní ẹ káàárọ̀. Ẹkún ló jáde.

Nígbà tí Olúmúyìwá dé, ojú ò ti Ọlágòkè mọ́. "Ọ̀rọ̀ kan ló kù, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ìkíni ni. Kí àpótí má ṣí nǹkan kan, kó má pa nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kó má sì dáhùn. Kí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara wọn dáhùn."

Wọ́n tún àpótí ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, Ọlágòkè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró. Agogo ò dún. Kò kúrò nídìí bọ́tìnnì. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí Béjidé tó dá a lóhùn.