Akínyẹmí Fúyẹ́ àti Àga Àna Rẹ̀

Ìdajì ìyípo péré ló kù kí Akínyẹmí gba ife àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ló bá tẹ bíréèkì.

Kì í ṣe pé nǹkan kan bàjẹ́ lára mọ́tò o. Mọ́tò pupa kékeré onílẹ̀kùn méjì yẹn ń dún lọ́jọ́ náà bí ẹni pé inú òun náà dùn. Mọ́tò márùn-ún ló ń bá a díje, gbogbo wọn ló sì ti fi sẹ́yìn. Olúwatóbi, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ báńkì tó ní mọ́tò aláriwo, ló sún mọ́ ọn jù, òun náà ò sì tíì yọ ní kọ́nà. Gbogbo wa tó dúró létí pápá ní Ọ̀bà-Ilé ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. Bí ó ṣe dé kọ́nà tó kẹ́yìn ló rí bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá tilẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Jethro ni, bàbá ìyàwó rẹ̀, tó ti Oǹdó wá wo ohun tí ọkọ ọmọ òun ń fi ayé rẹ̀ ṣe.

Eré tó wà lára mọ́tò ti gbé e kọjá Bàbá kó tó dúró. Ṣé Akínyẹmí wá gbà bẹ́ẹ̀? Ó fi rìfáàsì padà wá, lórí pápá eré-ìje, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà pẹ̀lú akoto lórí.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú àtìjọ́, sà."

"Ta nìyí?"

"Èmi Akínyẹmí ni, sà."

"Akínyẹmí. O ń kí mi, o dé fìlà?"

Akínyẹmí dìde, ó ń tú okùn akoto lábẹ́ àgbọ̀n. Okùn há. Olúwatóbi kọjá, fììì. Akoto yọ, Akínyẹmí tún ìdọ̀bálẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Fọlákẹ́ ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà, sà." Mọ́tò kejì kọjá.

"Títílọpẹ́ ọmọ yín ńkọ́?"

"Ó wà ní ilé-ìwé, sà. Ó ní kí n máa kí yín." Mọ́tò kẹta kọjá, ẹ̀kẹrin tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí?"

"Ó ti fi mí sílẹ̀, sà. A dúpẹ́." Ẹ̀karùn-ún kọjá, èyí tí sílẹ́ńsà rẹ̀ ti já, tó ń wọ́ ọ nílẹ̀.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Máa lọ síbi tí ò ń lọ."

Akínyẹmí ṣe ipò kẹfà nínú mọ́tò mẹ́fà. Olúwatóbi gbé ife lọ́wọ́ wá bá a, ojú sì ń ti òun tó gba ife.

"Dádì, ẹ ti wín tán! Kí ló dé tí ẹ dúró?"

"Àna mi ni."

"Ẹ ò lè juwọ́ sí wọn ni?"

Akínyẹmí wò ó tìyanutìyanu. "Ṣé ìwọ máa ń juwọ́ sí àna rẹ?"

Ọmọ Oǹdó ni Akínyẹmí. Ó ṣe akọ̀wé ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, tó ń gbé fáìlì láti orí tábìlì kan sí òmíràn, kò sì sẹ́ni tó fura pé eré wà nínú rẹ̀. Ọdún tó fẹ̀yìn tì ló ra mọ́tò náà, tòkunbọ̀ tí ẹnì kan ti fi kọlu nǹkan lókè òkun, tí imú rẹ̀ ti wọ inú. Jíbọ́lá, mọkáníìkì ará Àkúrẹ́ tó jẹ́ àbúrò àti ọ̀rẹ́ fún un, ló bá a tún un ṣe fún ọdún kan àtààbọ̀. Wọ́n fi ṣọ́kù tó le sí i, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kó máa fi ikùn wọ́lẹ̀, wọ́n pààrọ̀ bíréèkì, wọ́n la ọ̀nà èéfín rẹ̀ kó lè mí kanlẹ̀. Ìgbà tí Jíbọ́lá rò pé iṣẹ́ ti parí, Akínyẹmí ní ó ku ẹyọ kan. Mọ́tò náà gbọ́dọ̀ fúyẹ́.

Fúyẹ́ yìí ló padà di orúkọ rẹ̀ nígboro. Ó lọ yá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó ní Oǹdó, ó gbé e sẹ́yìnkùlé, ó ń tú mọ́tò, ó ń wọ̀n ọ́n ní ẹyọ-ẹyọ. Rédíò, kílò méjì, yọ ọ́. Kápẹ́ẹ̀tì, kílò mẹ́fà, yọ ọ́. Éésì, kílò mẹ́tàdínlógún, ojú rẹ̀ ń dán bí ó ṣe ń yọ ọ́. Ìgbà tí kò rí nǹkan yọ mọ́ lára mọ́tò, òun fúnra rẹ̀ gorí òṣùwọ̀n. Ọjọ́ yẹn ló jáwọ́ nínú iyán.

Ọmọ Oǹdó, tó jáwọ́ nínú iyán! Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò sùn lóru náà. Ó dúró tì í nídìí tábìlì lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá Títílọpẹ́, ẹ sọ fún mi. Ta ló ṣe yín?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe mí."

"Ṣé dókítà ló sọ nǹkan tí ẹ ò sọ fún mi ni?"

"Òṣùwọ̀n kòkó ló sọ ọ́. Kílò mẹ́rin tó wà níkùn mi yìí, iyán ni gbogbo rẹ̀."

Kí ẹ má rò pé yíyọ nǹkan nìkan ló mọ̀ o. Ó mọ mọ́tò tọ́jú, èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń sáré kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, tó ń fi ọwọ́ pa táyà lójú, tó ń wo omi bíréèkì, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì bí ẹni tó ṣì wà ní ọ́fíìsì. Tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnì, yóò fi ẹnu orógùn kan ẹ́ńjìnì náà, yóò fi etí ti ìdí rẹ̀, yóò dijú. Orógùn Fọlákẹ́ ni o. Fún oṣù kan gbáko ni ẹ̀bà ilé wọn fi ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù Jíbọ́lá, kí ìyàwó rẹ̀ tó mọ ìdí ọ̀rọ̀. Fọlákẹ́ kò bínú púpọ̀. Ó ra orógùn tuntun, ó kọ ÌDÁNÁ sára rẹ̀, ó kọ Ẹ́ŃJÌNÌ sára ti àtijọ́, inú Akínyẹmí sì dùn pé ìyàwó òun ti ń mọ iṣẹ́ ìjọba.

Ìdíje àkọ́kọ́ tó fẹ́ lọ, ìyá àdúrà kan ládùúgbò wọn ní mọ́tò tó ń sáré tó báyìí kò gbọdọ̀ jáde láìgbàdúrà sí i. Bí Akínyẹmí ṣe wọlé lọ mú akoto, ìyá ti da òróró sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fọwọ́ pa á dáadáa kó wọlé. Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé mọ́tò náà dé pápá, nítorí náà òróró ò tíì kan ilẹ̀. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, mọ́tò yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi ẹ̀yìn wọ oko ẹ̀gẹ́. A sáré débẹ̀. Akínyẹmí jáde láàárín ewé ẹ̀gẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ti rí mọ́tò tó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò dojú dé rí? Ẹ wá wo ṣọ́kù Jíbọ́lá!"

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú mọ́tò yẹn tí kò yọ. Àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni. Ó ti tú u lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kílò mẹ́rìnlá, ó wò ó títí, ó sì lọ dè é padà. Jíbọ́lá ò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ á gbé àga yìí lọ s'ulé. Ẹ yọ rédíò, ẹ yọ iyán, ẹ wá fi àga sílẹ̀. Ta ló ń jókòó síbẹ̀?"

"Kò tíì sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Àga Bàbá ni."

Oko Bàbá ní Bọ́lọ́rundúró ni ọ̀rọ̀ àga yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Akínyẹmí fẹ́ fẹ́ Fọlákẹ́, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ilé wọn. Bàbá Jethro, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé nígbà náà, wo bàtà rẹ̀ tó kún fún eruku, ó ní, "Kí lo máa fi gbé ọmọ mi?" Ó fún un lọ́mọ o, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn Akínyẹmí. Oríṣiríṣi mọ́tò ló rà lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá ò yin ọ̀kankan. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí mọ́tò pupa parí, oko kòkó Bàbá ní Bọ́lọ́rundúró ló kọ́kọ́ wà á lọ, kí Bàbá lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sínú rẹ̀.

Mọ́tò tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, lójú ọ̀nà oko! Ó gun ebè kan láàárín ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ, táyà ń yí lásán. Àwọn lébìrà Bàbá mẹ́wàá ló gbé e sókè, wọ́n sì gbé e títí dé iwájú ahéré. Akínyẹmí ń rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn, àyà rẹ̀ yọ síwájú.

"Bàbá, ẹ rí i bó ṣe fúyẹ́?"

"Mọ́tò ló yẹ kó gbé èèyàn, Akínyẹmí. Èèyàn kọ́ ló yẹ kó gbé mọ́tò."

"Ẹ kàn jókòó díẹ̀, sà."

"Sínú agolo sadíìnì yìí? Ẹja kọ́ ni mí."

Ọjọ́ náà ló pinnu pé àga náà kò ní kúrò níbẹ̀ títí Bàbá yóò fi jókòó lé e. Kódà lọ́jọ́ tó pàdánù ife nítorí ìdọ̀bálẹ̀, ó tún lọ bẹ Bàbá pé àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kó jẹ́ kí òun gbé e dé ilé. Takisí ni Bàbá wọ̀ lọ. Ohun tí Akínyẹmí ò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Oǹdó tí Bàbá Jethro ò dá dúró. "Ọkọ ọmọ mi dá eré-ìje dúró láti kí mi. Ó ti fẹ́ gba ife tán o! Ó fi rìfáàsì padà!" Yóò wá na ọ̀pá sí wọn pé wọn ò gbọdọ̀ sọ fún un, kó má baà wú fùkẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ló tún fi sáré lẹ́yìn náà, kò gba ife. Lẹ́ẹ̀kan, imú mọ́tò lásán ni wọ́n fi ṣíwájú rẹ̀. Jíbọ́lá sorí kọ́. "Ẹ̀gbọ́n, kílò mẹ́rìnlá yẹn ni."

"Mo mọ̀," ni Akínyẹmí wí, ó sì ń fi aṣọ nu eruku orí àga náà.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá ni àìsàn ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta mú un lọ, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó dùn wá. Ó ṣì ń dùn wá. Bàbá Jethro ti pé àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa àgbà kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ dé ibojì. Ní ọjọ́ ìsìnkú, Bàbá jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Oǹdó, ó ti ilẹ̀kùn, kò rí pósí, kò rí ibojì, kò sì rí ẹni tó máa bá dágbére.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn asáré péjọ sí pápá Ọ̀bà-Ilé láti fi mọ́tò yí ìyípo kan fún un. Fọlákẹ́ ni yóò wa mọ́tò pupa. Jíbọ́lá ti fi orógùn gbọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbéra ni takisí kan dúró, Bàbá Jethro sọ̀ kalẹ̀. Ó rọra rìn dé ìdí mọ́tò, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Àga mi ńkọ́?"

"Òun rèé, Bàbá," ni Jíbọ́lá wí. "Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kí á yọ ọ́."

Ènìyàn mẹ́ta ló ran Bàbá lọ́wọ́ kó tó lè jókòó. Fọlákẹ́ ń sunkún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ mà ní ẹ kì í ṣe ẹja."

"Wa mọ́tò, jàre."

Wọ́n lọ jẹ́jẹ́. Mọ́tò márùn-ún tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ yà wọ́n sílẹ̀. Olúwatóbi pàápàá kò jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ pariwo. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà tó kẹ́yìn, níbi igi máńgòrò, Bàbá fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká. "Dúró."

Fọlákẹ́ dúró. Gbogbo wọn dúró. Bàbá wo ojú ọ̀dà náà, níbi tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì gbé e lé orúnkún. Orí funfun yẹn, kò sẹ́ni tó rí i níta rí nínú wa.

"Akínyẹmí, o káre," ni Bàbá wí. "Mọ́tò gidi ni. Ó dáa. Máa lọ síbi tí ò ń lọ."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Fọlákẹ́. "Ìwọ náà, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣé bí ọkọ rẹ ṣe ń wà á nìyí?"

Fọlákẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnì náà dún, gbogbo pápá hó, mọ́tò pupa sì kọjá ojú ìlà ní ipò kìíní fún ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú àga kílò mẹ́rìnlá àti ẹni tó ni ín.