Ìwé Tí A Bò fún Ìrètí

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìkirè, bébà àpò sìmẹ́ńtì la fi ń bo ìwé bí iléèwé bá fẹ́ wọlé. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Bàbá wa, Jósẹ́fù bíríkìlà, ló ń kó àpò náà wálé. Màmá wa, Àṣàkẹ́, á gbọn eruku rẹ̀ dànù, á fi abẹ gé e, á ká etí rẹ̀ sínú, á fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́. Bó bá ti gbẹ, ó le koko nìyẹn. Èmi Àdúnní àti Dèbórà ẹ̀gbọ́n mi á wá kọ orúkọ ara wa síwájú. Àjàní ni àbíkẹ́yìn wa.

Àjàní kò lo tirẹ̀. Ọdún tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni ibà mú un lọ. Èmi ni mo bá a kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé náà. Àwọn àgbà gbé ìwé náà, wọ́n jó o. Wọ́n ní òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́ létí ìyá rẹ̀. Màmá wa náà kò pè é títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bó bá ń bo ìwé wa, mo máa ń rí i tó ń gé bébà kan kún un. Á ká a, á fi sábẹ́ ẹní. Èmi náà ò bi í.

Ìwé kẹta péré ni mo kà dé. Síbẹ̀ n kò tíì pàdé ẹni tí mo gbàgbé orúkọ rẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, ní Padova níbí, ní ilẹ̀ Ítálì, Ìrètí ọmọ ọmọ mi fẹ́ wọ kíláàsì àkọ́kọ́. Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi ló bí i. Morẹ́nikẹ́ sì ti kú nínú òtútù ọdún náà. Àìsàn ni. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Maestra, olùkọ́ wọn, ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi bébà aláwọ̀ bo quaderno, ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, kó gbé ọwọ́ lé bébà mìíràn, kó fi pẹ́ńsù yí i ká, kó gé e, kó lẹ̀ ẹ́ síwájú quaderno, kó wá kọ orúkọ ará ilé rẹ̀ sí ìka kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn yóò kà á síta.

Colla tó yẹ ká fi lẹ̀ ẹ́ ti gbẹ nínú ike. Mo po ìyẹ̀fun mọ́ omi, mo rò ó lórí iná.

“Nonna, questa è pappa!” Ìrètí ní oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni ìyá àgbà òun ń rò.

“Pappa ni. Ẹ̀kọ ni tiwa. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò, ó gbóná.”

Ó kọ ara rẹ̀ sí àtàńpàkò, ó kọ bàbá rẹ̀, ó kọ èmi. Ó wá dúró. “E la mamma?” Ìyá rẹ̀ ló ń béèrè.

Fẹ́mi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

“Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kọ ọ́. Á bú sẹ́kún lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Wọ́n ní kò bójú mu kí ìyá máa pe ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ lọ.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Màmá Ìbùkún, ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ṣé Màmá Ìbùkún ló bá mi rọbí ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fẹ́mi, ẹkún ló jáde. Bébà abẹ́ ẹní wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, “Fẹ́mi, wọ́n jó ìwé àbúrò mi, màmá mi dákẹ́ wọ ilẹ̀ lọ. Èmi ò ní dákẹ́.” Mo bá pariwo: “Morẹ́nikẹ́!” Obìnrin tó ń gbé lókè wa kan ilẹ̀ gbì gbì sí wa. Mo tún un pè.

Mo ní, “Ìrètí, má kọ mamma lásán. Ìyá gbogbo ayé ni mamma. Kọ orúkọ rẹ̀.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ kọ ọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ kí àwa ará ilé wọlé. Ẹ̀yìn ni èmi àti Fẹ́mi dúró sí. Ìrètí gbé ọwọ́ bébà rẹ̀ sókè, ó ka tirẹ̀, ó ka tiwa. Ó mí kanlẹ̀. “La mia mamma, Morẹ́nikẹ́. È morta.”

Ó ní ìyá òun ti kú. Ọmọkùnrin kan wá béèrè ìdí tí ẹni tó kú fi wà lórí ọwọ́ rẹ̀.

“Perché è mia.” Nítorí pé tòun ni. Ó jókòó. Kò sunkún. Fẹ́mi ló sunkún.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ń fi àpò sìmẹ́ńtì bo ìwé mọ́, bébà pupa, bébà aláwọ̀ ewé, ó kún ṣọ́ọ̀bù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wá bá mi nílé pé kí n pa orúkọ mọ́nú, ẹ kọ́kọ́ wo quaderno yẹn lórí tábìlì mi. Ìka márùn-ún ni ọwọ́ ní, mẹ́rin ni Ìrètí lò. Ìka kékeré ṣófo.

Mo ti kọ Àjàní sí i.