Ìka Tí Bàbá Nà Sí Ẹní

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ wa ní Ẹdẹ kì í pariwo. Bí inú bá bí wọn, wọn á kàn na ìka sí ẹní ìdí àga wọn, gbogbo ilé á kúnlẹ̀ síbẹ̀.

Láyé ológun tí oògùn wọ́n bí imí eégún, dókítà fún wọn ní èyí tí wọ́n á máa fi sábẹ́ ahọ́n, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dé ọkàn wọn. Wọ́n gbé e pa mọ́ fún wa: "Olè ni gbogbo yín!"

Lọ́jọ́ tí àyà fún wọn pinpin, tí ohùn ò jáde mọ́, wọ́n na ìka sí ẹní. A kúnlẹ̀. Wọ́n tún nà án, ojú wọn yọ síta. Ìyàwó wọn ní, "Ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, inú ń bí Bàbá!"

Ìgbà tí wọ́n kú tán tá a ká ẹní nílẹ̀ la rí oògùn. Orúnkún wa ti lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú.